Ìwé Tí Wọ́n Ní Kí A Fọwọ́ Sí

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a ti ń gbé kiri nínú láti ọdún 2009, tí a kò tíì sọ tán. A sọ apá kan rẹ̀ fún ìjọ nígbà náà, ìyẹn apá tí ó fi wá hàn bí ọlọ́gbọ́n. Apá kejì ni a fẹ́ sọ lónìí.

Ní ọdún náà, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Texas, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni iṣẹ́ ìránṣẹ́ wa wà. Ìjọ wa kò tóbi. Bí gbogbo wa bá pé, tí kò sí ẹni tí ó wà níbi iṣẹ́, a kò ju ọgọ́ta lọ, ọmọdé àti àgbà. Ọmọ Yorùbá ni ó pọ̀ jù. Àwọn ará Gánà kan wà pẹ̀lú, àti ìdílé kan láti ilẹ̀ Làìbéríà. Gbọ̀ngàn kan tí a yá ní ẹ̀yìn ọ̀wọ́ ṣọ́ọ̀bù ni a ti ń jọ́sìn. Àwọn ìyá ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lóru, àwọn bàbá ń wa takisí tàbí kí wọ́n máa ṣọ́ ilé ìtajà. Nítorí àwọn ọmọ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣe forí tì í ní ilẹ̀ òkèèrè, nítorí náà, ohunkóhun tí ilé-ìwé bá kọ ránṣẹ́ sí wọn, wọn a máa kà á bí ẹni ń ka ìwé ilé-ẹjọ́.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 4, oṣù Kẹsàn-án, ọmọ wa ọkùnrin, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà náà, ti ilé-ìwé dé pẹ̀lú ìwé pélébé kan. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé Ààrẹ Barack Obama yóò bá àwọn ọmọ ilé-ìwé gbogbo orílẹ̀-èdè náà sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 8, ní agogo méjìlá ọ̀sán ní Washington, tí í ṣe agogo mọ́kànlá òwúrọ̀ lọ́dọ̀ tiwa. Òbí tí ó bá fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ wò ó, kí ó sàmì sí ibi kan. Èyí tí kò bá fẹ́, kí ó sàmì sí ibi kejì. Kí ó fọwọ́ sí i, kí ọmọ sì dá a padà ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Kí ìwé náà tó dé ọwọ́ wa ni ariwo ti gba gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Oṣù Kẹjọ ọdún náà kò rọgbọ rárá. Nítorí òfin ètò ìlera tí Ààrẹ fẹ́ gbé kalẹ̀, àwọn aṣòfin tí ó padà sílé láti bá àwọn ènìyàn wọn ṣe ìpàdé rí èébú he bí ẹni ń he ìgbín. Àárín irú ìbínú bẹ́ẹ̀ ni Arne Duncan, tí í ṣe mínísítà ètò ẹ̀kọ́ wọn, ti kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá ilé-ìwé pé Ààrẹ fẹ́ gba àwọn ọmọ níyànjú lórí ẹ̀kọ́ wọn. Ìyẹn nìkan kì bá tí dá ìjà sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ tún fi ìtọ́sọ́nà kún un fún àwọn tísà, nínú èyí tí wọ́n ti dá a lábàá pé kí àwọn ọmọ kéékèèké kọ lẹ́tà sí ara wọn nípa ohun tí wọ́n lè ṣe láti ran Ààrẹ lọ́wọ́. Láti ran Ààrẹ lọ́wọ́! Nígbà tí àwọn òbí figbe ta, wọ́n yí gbólóhùn náà padà, wọ́n ní kí àwọn ọmọ kọ̀wé nípa bí wọn yóò ṣe lé àfojúsùn ẹ̀kọ́ tiwọn bá. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn. Ó ti já bọ́ ná. Jim Greer, tí ó jẹ́ alága ẹgbẹ́ Republican ní ìpínlẹ̀ Florida, ti sọ pé ṣe ni wọ́n fẹ́ fi owó orí àwọn ará ìlú tan ẹ̀kọ́ sósíálíìsì kálẹ̀ láàrin ọmọdé. Àwọn ilé-ìwé kan ní àwọn kò ní fi hàn rárá. Àwọn mìíràn ní àwọn yóò gbà á sílẹ̀, kí àwọn tó mọ ohun tí àwọn yóò ṣe. Àwọn òbí kan ní àwọn yóò dá ọmọ àwọn dúró sílé lọ́jọ́ náà. Ilé-ìwé tiwa ní kí olúkúlùkù fọwọ́ sí ìwé.

Kì í sì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ronald Reagan bá àwọn ọmọ ilé-ìwé sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ní oṣù Kọkànlá ọdún 1988. George Bush, èyí bàbá, ṣe irú rẹ̀ láti ilé-ìwé kan ní Washington ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 1991. Nígbà náà, àwọn Democrat ni ó bínú. Richard Gephardt, tí ó jẹ́ aṣáájú wọn nílé aṣòfin, ní kò yẹ kí ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ máa fi owó ìlú ṣe ìpolówó òṣèlú fún Ààrẹ. Wọ́n ṣe ìwádìí nǹkan bí 27,000 dọ́là tí wọ́n ná sí i, wọ́n sì rí i pé kò lòdì sí òfin. Ní ọdún 2009, àwọn tí ó bínú ní 1991 ní kò burú, àwọn tí ó ní kò burú ní 1991 sì bínú. Bí òṣèlú ti rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ sọ ọ́ pé Laura Bush, ìyàwó Ààrẹ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ, tí òun pàápàá ti jẹ́ tísà rí, sọ ní gbangba pé ó dára kí Ààrẹ bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹgbẹ́ wọn kò pọ̀.

Ó kan ìjọ wa wàyí. Arábìnrin kan tí í ṣe nọ́ọ̀sì pè wá ní agogo méje àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, bí ó ti ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Ó ní, "Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo jí yín. Ṣé ìwé yẹn ti dé ọ̀dọ̀ yín? Ẹni tí ó fara mọ́ ìṣẹ́yún ni wọ́n ní kó wá máa bá ọmọ mi sọ̀rọ̀. Èmi ò sì ní sí níbẹ̀. Mo gbọ́ lórí rédíò pé wọ́n fẹ́ kọ́ wọn kí wọ́n máa gbọ́ tirẹ̀ ju ti òbí wọn lọ." Ẹ̀rù ń bà á ní tòótọ́, a gbọ́ ọ nínú ohùn rẹ̀. Obìnrin tí ó ń fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀ lóru láti lọ tọ́jú àwọn arúgbó ẹlòmíràn, ó yẹ kí ẹ̀rù bà á nípa ohun tí wọ́n ń sọ fún àwọn ọmọ náà nígbà tí kò sí nílé.

Kò pẹ́ tí bàbá kan nínú ìjọ náà fi pè. Takisí ni bàbá yìí ń wà, ó sì ti wà ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1981. "Pásítọ̀, mo gbọ́ pé àwọn kan ní àwọn ò ní jẹ́ kí ọmọ àwọn wo Obama. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo ti lò ní ilẹ̀ yìí. Mi ò rò pé ojú mi á rí ọmọ tí adúláwọ̀ bí nínú ilé yẹn. Ọmọ Kẹ́ńyà ni bàbá tó bí i. Ẹ wá fẹ́ kí ọmọ tiwa dijú? Àwọn òyìnbó tó ní kí tiwọn má wò ó, ṣé ẹ rò pé nítorí ìṣẹ́yún nìkan ni?"

A dá bàbá náà lóhùn pé a ó gbàdúrà sí i. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé a ti fọwọ́ sí tiwa ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ibi tí a sàmì sí, "rárá" ni. Ìyàwó wa dúró tì wá nígbà tí a ń fọwọ́ sí i. Ó ní, "Dádì, ẹ kò kúkú tíì gbọ́ ohun tí ó fẹ́ sọ." A ní a mọ ohun tí olóṣèlú máa ń sọ.

Kí ẹ tó dá wa lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí a sọ ibi tí ìbẹ̀rù náà ti wá.

Ní ọdún 1979, ọmọ ọdún mọ́kànlá ni àwa, ní ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Oǹdó àtijọ́. Iná ògùṣọ̀, ẹgbẹ́ UPN ti Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ni gbogbo ìlú ń tẹ̀lé. Bàbá wa, tí ó ń ra kòkó, ló yàtọ̀. Ilé àti àgbàdo, àmì NPN, ni ó lẹ̀ mọ́ ògiri yàrá àlejò rẹ̀. Ìdí tí ó fi ṣe bẹ́ẹ̀, kò sọ fún wa títí ó fi kú. Ní ọdún ìdìbò náà, tísà wa kó wa jáde sí pápá ilé-ìwé. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni ó fi kọ́ wa ní orin kan tí ó yin olórí ẹgbẹ́ náà, ó sì kọ́ wa bí a ó ṣe na ìka méjì sókè bí ọkọ̀ àwọn olóṣèlú bá ti yọ. Iwájú ni wọ́n fi àwa sí nítorí pé ohùn wa dùn. Ọjọ́ náà dé, ọkọ̀ dé, a kọrin, a na ìka méjì. Bàbá wa ń gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bọ̀ láti oko, ó dúró ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó wò wá. Kò sọ̀rọ̀. Ó tún gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ.

Ní alẹ́, ó ní kí a kọ orin náà fún òun. A kọ ọ́. Ó ń jẹ iyán rẹ̀ lọ títí a fi parí. Ní ọjọ́ kejì, ó wọ agbádá, ó lọ sí ilé-ìwé. Gbogbo kíláàsì ni ó gbọ́ ohun tí ó sọ: "Ọmọ mi ni mo fà lé yín lọ́wọ́. N kò fa ìbò mi lé yín lọ́wọ́." Tísà náà ni ó fẹ́ àbúrò bàbá wa obìnrin. Láti ọjọ́ náà, àwọn méjèèjì kò kí ara wọn mọ́. Nígbà tí a ń sin òkú bàbá wa, àbúrò rẹ̀ nìkan ni ó wá.

Ọmọ Dẹ́mọ́ ni àwọn ẹgbẹ́ wa ń pè wá láti ìgbà náà. Ẹ̀yin àgbà mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe rí lára láti ọdún 1965. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1979, ìjọba UPN bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, bàbá wa náà sì jẹ nínú rẹ̀ bíi gbogbo ayé. Ó fi owó tí ì bá san ra ìwé fún wa, kò sì pa ẹgbẹ́ dà. (Àwa fúnra wa kì bá tí kàwé dé ibi tí a kà á dé bí kì í bá ṣe ti ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ náà. A kò lè ṣe aláìmoore.) Lẹ́yìn náà ni ọdún 1983 dé. Nígbà tí wọ́n kéde ní oṣù Kẹjọ pé NPN ni ó wọlé gómìnà ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ìlú dàrú. Wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sun ilé, kí ilé-ẹjọ́ tó yí èsì náà padà. Inú oko kòkó ni bàbá wa ń sùn fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Àwọn ọmọkùnrin kan gbé garawa kẹrosíìnì wá sí ẹnu ọ̀nà wa. Ọ̀kan nínú wọn ni ẹni tí ó jókòó tì wá ní kíláàsì kẹfà, tí ó dúró ní ọwọ́ òsì wa lọ́jọ́ tí a kọ orin yẹn. Ìyá wa kúnlẹ̀ sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Ojú tì í, ó yí padà, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ń fi òbí tí kò fẹ́ òṣèlú ní ilé-ìwé ṣe yẹ̀yẹ́, àwa kì í bá a rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a gbọ́ pé wọ́n ní kí ọmọdé kọ lẹ́tà bí òun yóò ṣe ran Ààrẹ lọ́wọ́, pápá yẹn ni a rí, àti ìka méjì wa lókè.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ 6, a wàásù láti inú Dáníẹ́lì orí kìíní. A sọ bí Dáníẹ́lì àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe kọ oúnjẹ ọba. A pariwo, ìjọ náà pariwo. A sì sọ láti orí pẹpẹ pé ní ilé tiwa, a ti fọwọ́ sí "rárá". Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Ohun tí a kò sọ ni pé orí Bíbélì kan náà sọ pé àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin wọ̀nyí kọ́ ìwé àti èdè àwọn ará Káldéà, wọ́n sì kọ́ ọ dáadáa ju gbogbo ẹgbẹ́ wọn lọ. Ẹsẹ náà wà níbẹ̀. A fò ó.

Ní ọjọ́ Ajé, tí í ṣe ọjọ́ ìsinmi àwọn òṣìṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn, ilé-iṣẹ́ Ààrẹ gbé gbogbo ọ̀rọ̀ náà jáde sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí òbí tí ó bá fẹ́ lè kà á ṣáájú. Bàbá onítakisí tẹ̀ ẹ́ jáde ní ilé ọmọ rẹ̀, ó sì gbé e wá bá wa nílé, òun àti àgbàdo sísè nínú ọ̀rá. Ó nà án sí wa. "Pásítọ̀, òun rè é. Ẹ kà á. Bí ẹ bá rí ibi tí ó ti ní kí wọ́n dìbò fún òun, ẹ fi bírò fàlà sí i, èmi náà á wá bá yín fọwọ́ sí rárá."

A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. A jẹ àgbàdo. A gbé ìwé náà sí orí fíríìjì, a kò kà á.

Ẹ̀yin ará, iṣẹ́ kò dí wa lọ́jọ́ náà, a kò sì gbàgbé. Ṣe ni a rò ó pé bí a bá kà á tí a kò rí àbùkù kan nínú rẹ̀, kí ni a ó sọ fún àwọn tí ó pàtẹ́wọ́? Ìṣe Àwọn Aposteli orí 17 yin àwọn ará Bèríà nítorí pé wọ́n yẹ ohun tí wọ́n gbọ́ wò. Àwa tí a ti fi ọdún mẹ́ta kẹ́kọ̀ọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Bíbélì, tí a ti wàásù lórí ẹsẹ náà bí ẹ̀ẹ̀mẹwàá, ìwé ewé díẹ̀ ni a ń sá fún nínú ilé ìdáná wa. Jim Greer ti Florida, tí ó kọ́kọ́ pariwo, ka ọ̀rọ̀ náà nígbà tí ó jáde, ó ní ó dára, ó sì ní òun yóò jẹ́ kí àwọn ọmọ òun wò ó. Olóṣèlú yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà, pásítọ̀ kò yí i.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìyàwó wa mú fọ́ọ̀mù náà, ó wò wá lójú. A ní kí ó fi í sínú báàgì ọmọ.

Ní ọ̀sán náà, nígbà tí a lọ mú un ní ilé-ìwé, ọmọ náà kò sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀. Ìgbà tí a délé, tí ó jẹun tán, ni ó sọ ọ́. Wọ́n ní kí àwọn tí òbí wọn kọ̀ dìde kí wọ́n lọ sí láíbìrì. Àwọn márùn-ún ni. Òyìnbó ni mẹ́rin. Obìnrin tí ń tọ́jú ìwé níbẹ̀ ní kí olúkúlùkù mú ìwé tí ó bá wù ú. Nígbà náà ni ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mẹ́rin náà wò ó, ó sì bi í pé, "Ṣebí ẹ̀yin lẹ ni ín?" Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó yà á lẹ́nu ni.

A bi ọmọ wa pé kí ni ó fi dá a lóhùn. Ó ní òun kò dáhùn. Lẹ́yìn náà ni ó bi wá pé, "Dádì, kí ni ó ṣe?"

A kò ní ìdáhùn. Ọmọ ọdún mẹ́wàá rò pé Ààrẹ náà ti ṣe ohun kan tí ó burú jáì tí bàbá òun fi ní kí òun má wo ojú rẹ̀. Ó sì tún rò, bí ìyàwó wa ti padà sọ fún wa, pé ohun burúkú náà ní í ṣe pẹ̀lú àwọ̀ ara tí òun náà gbé wọ̀.

Nígbà tí gbogbo ilé sùn, a mú ìwé náà kúrò lórí fíríìjì. Ààrẹ náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìgbà èwe rẹ̀ ní Indonéṣíà: ìyá rẹ̀ kò lówó tí yóò fi rán an lọ sí ilé-ìwé tí àwọn ọmọ Amẹ́ríkà ń lọ, nítorí náà ó ń jí i ní agogo mẹ́rin ààbọ̀ òwúrọ̀, láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, láti kọ́ ọ fúnra rẹ̀. Bí ọmọ náà bá ń ráhùn, ìyá a dá a lóhùn pé kò rọ òun náà lọ́rùn. A rẹ́rìn-ín nígbà tí a kà á, nítorí pé ìyá tiwa náà ń jí wa láti kàwé lẹ́bàá àtùpà kí a tó lọ pọnmi. Ó sọ pé bàbá òun fi àwọn sílẹ̀ nígbà tí òun wà ní ọmọ ọdún méjì. Ó sọ fún wọn pé bí ìjọba bá kọ́ ilé-ìwé tí ó dára jù lọ, tí tísà bá mọ̀wé ju gbogbo tísà lọ, asán ni bí ọmọ kò bá ṣe ojúṣe tirẹ̀. Ó ní bí nǹkan kò bá rọgbọ nílé, ìyẹn kì í ṣe àwíjàre fún rírí tísà fín tàbí fún fífi ilé-ìwé sílẹ̀. Ó sọ bí wọ́n ti yọ Michael Jordan kúrò nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilé-ìwé rẹ̀, àti bí wọ́n ti kọ ìwé àkọ́kọ́ J. K. Rowling nígbà méjìlá kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ó tilẹ̀ ní kí wọ́n máa fọ ọwọ́ wọn dáadáa nítorí àìsàn fúlúù tí ń jà lọ́dún náà. Ìbò kò sí níbẹ̀. Òfin ètò ìlera tí ó ń dá ìjà sílẹ̀ kò sí níbẹ̀. Bí ọ̀kan nínú àwọn alàgbà wa bá sọ ọ̀rọ̀ náà ní ọjọ́ ìsinmi àwọn ọmọdé, a ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àfi pé a ó bi í léèrè ìdí tí kò fi fi ẹsẹ Bíbélì kún un.

Síbẹ̀, a kò yí èrò wa padà nípa lẹ́tà tí wọ́n fẹ́ kí ọmọdé kọ. Àwọn òbí tí ó ka ìtọ́sọ́nà náà, tí wọ́n rí gbólóhùn yẹn, tí wọ́n sì kọ̀wé sí ilé-ìwé, ohun tí ó tọ́ ni wọ́n ṣe, àwọn ni ó jẹ́ kí wọ́n yí i padà. Àwa kò sí nínú wọn, nítorí pé a kò ka ìtọ́sọ́nà, bẹ́ẹ̀ ni a kò ka ọ̀rọ̀ náà. Orin ọdún 1979 ni a fọwọ́ sí "rárá" fún. Ọmọ wa ni ó sì lọ jókòó ní láíbìrì nítorí rẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, ọjọ́ 9, Ààrẹ bá àwọn aṣòfin sọ̀rọ̀ lórí ètò ìlera, aṣòfin kan sì kígbe mọ́ ọn láàrin ìjókòó pé irọ́ ni ó ń pa. Orí tẹlifíṣọ̀n ilé wa ni ọmọ wa ti gbọ́ ọ. Kò sí ẹni tí ó fún wa ní ìwé fọwọ́ sí kí ó tó gbọ́ ìyẹn.

Ní Texas níbẹ̀ náà, ilé-iṣẹ́ tí ń bójú tó àwọn ilé-ìwé Arlington kò jẹ́ kí àwọn ọmọ wo Obama lójúkojú bí ó ti ń sọ̀rọ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi múra láti fi bọ́ọ̀sì kó àwọn ọmọ kan lọ sí pápá ìṣeré tuntun, níbi tí George W. Bush yóò ti bá wọn sọ̀rọ̀. Nígbà tí àwọn òbí da ìbéèrè bò wọ́n, wọ́n tọrọ àforíjì, wọ́n sì fagi lé ìrìn àjò náà. Bàbá onítakisí ni ó mú ìròyìn náà wá fún wa. Kò sọ ohunkóhun sí i, ó kàn rọra gbé e ka iwájú wa.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀ lé e, a sọ fún ìjọ pé a ti ka ọ̀rọ̀ Ààrẹ náà, kò ní àbùkù, ṣùgbọ́n ó yẹ kí òbí máa yẹ ohun gbogbo wò. Wọ́n ṣe Àmín. Apá tí ó fi wá hàn bí ọlọ́gbọ́n nìyẹn. A kò sọ ọjọ́ tí a kà á. Bàbá onítakisí mọ̀, ó sì tẹjú mọ́ bàtà rẹ̀ títí a fi ṣe oore-ọ̀fẹ́. A lọ bá a nídìí ọkọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ìsìn, a dọ̀bálẹ̀ fún un níbẹ̀ lórí kọnkéré. Ó yára fà wá dìde. "Pásítọ̀, ẹ dìde, àwọn ènìyàn ń wò wá. Èmi kọ́ ni kí ẹ bẹ̀."

A mọ ẹni tí ó ní lọ́kàn. Ọjọ́ mẹ́rin ni ó gbà wá. Bàbá wa kò bẹ̀ wá rí láyé rẹ̀, a kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. A mú ọmọ náà lọ ra áísìkirimù. Nígbà tí a fẹ́ sọ ọ́, ẹnu wa kò gbà á ní Yorùbá, nítorí náà èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi sọ ọ́. A sọ fún un pé ọkùnrin náà kò ṣe ohun burúkú kankan sí wa, pé bàbá rẹ̀ ni kò kàwé kí ó tó fọwọ́ sí i. Ó bèèrè bóyá àwa náà máa ń gba ìjìyà bí a kò bá kàwé. A ní bẹ́ẹ̀ ni. A jọ ka ọ̀rọ̀ náà nínú ọkọ̀, òun ojú ìwé kan, àwa ojú ìwé kan. Ibi tí ìyá ti ń jí ọmọ ní agogo mẹ́rin ààbọ̀ ni ó fẹ́ràn jù. Ó ní òun dúpẹ́ pé òun kò bí sí ilé yẹn.

Ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2010, Ààrẹ tún bá àwọn ọmọ ilé-ìwé sọ̀rọ̀, láti Philadelphia lọ́tẹ̀ yìí. Ariwo náà kò tó ìdá mẹ́wàá ti àkọ́kọ́. Ọmọ wa ti wọ ilé-ìwé tí ó ga díẹ̀, wọn kò sì fún wa ní fọ́ọ̀mù kankan. A ti múra sílẹ̀. A ti tẹ ọ̀rọ̀ náà jáde, a ti kà á, a sì fẹ́ jíròrò. Ní ìrọ̀lẹ́, a bi í bóyá wọ́n fi hàn wọ́n. Ó ní tísà ní kí ẹni tí ó bá fẹ́ wò ó dúró, kí ẹni tí kò bá fẹ́ lọ sí láíbìrì.

"Èwo ni o wá ṣe?"

Ó ní òun lọ sí láíbìrì.

A bi í, pẹ̀lú ìbẹ̀rù, pé nítorí kí ni. Ó gbé ojú sókè kúrò nínú iṣẹ́ àmúrelé rẹ̀. Ó ní ìwé kan wà níbẹ̀ tí òun bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá tí òun kò tíì kà tán, ibẹ̀ sì dákẹ́ rọ́rọ́.